Díìsì Seven Samurai tí mo rà, ẹ ní sùúrù kẹ́ ẹ wò ó tán

Ẹ̀yin èèyàn mi, fíìmù ilẹ̀ Japan tí Akira Kurosawa darí ní 1954 yìí gùn o, ìṣẹ́jú 207, dúdú àti funfun ni, àmọ́ mi ò dìde níbi tí mo jókòó sí. Kambei, ọ̀gá àwọn samurai (jagunjagun ilẹ̀ Japan láyé àtijọ́), tí Takashi Shimura ṣe ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Olè kan jí ọmọ gbé wọ inú abà, ọkàn gbogbo ará abúlé ò balẹ̀, àmọ́ Kambei jókòó pẹ̀lẹ́ létí odò ó ní kí wọ́n fá irun òun kanlẹ̀ (samurai kì í fi irun orí ẹ̀ ṣeré rárá o), ó wọ aṣọ àlùfáà, ó gbé oúnjẹ dání lọ bá olè yẹn, bó ṣe gba ọmọ náà sílẹ̀ nìyẹn. Ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá sáré tẹ̀ lé e pé òun fẹ́ di ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀, Kambei wá dá a lóhùn pé ogun tóun ti jà pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ wọ́n máa ń ṣẹ́gun àwọn ni. Ọ̀gá mélòó ló lè jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀? Tó bá ti ń ronú á máa fọwọ́ pa orí yẹn, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ibi tó kù sí lára díìsì tèmi ni pé ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn kéré, ó tún funfun, kì í hàn dáadáa tójú ọ̀run inú fíìmù bá mọ́lẹ̀. Síbẹ̀ mo máa tún un wò ní Sátidé.