Ọdún méjì pẹ̀lú súìsì ọlọ́gbọ́n: ohun tí ojú mi rí

Màmá mi ni wọ́n kọ́kọ́ dájọ́ fún súìsì ọlọ́gbọ́n mi, ìyẹn súìsì iná tí èèyàn tún lè fi fóònù tàn tàbí pa. Wọ́n wá kí wa, wọ́n dìde lóru láti lọ sí balùwẹ̀, wọ́n fọwọ́ wá ara ògiri títí, wọn ò rí nǹkan kan tẹ̀. Gíláàsì pẹrẹsẹ ni mo fi síbẹ̀ nígbà náà, irú èyí tí kò ní bọ́tìnnì tó yọrí, tó jẹ́ pé ìka lásán lèèyàn fi ń kàn án. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé kí èèyàn kàwé kó tó lè tanná balùwẹ̀ ni?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ìbéèrè kan ṣoṣo wọn súìsì tí mo bá fẹ́ rà: ṣé ẹni tí kò mọ̀ pé ó lọ́gbọ́n lè lò ó nínú òkùnkùn?

Mọ́kànlá ni mo ti fi sílé báyìí. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n, torí mi ò rà wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí èyí bá ti já mi kulẹ̀ ni mo ń wá òmíràn lọ.

Gílóòbù ọlọ́gbọ́n gan-an ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó rọrùn: o tú ti tẹ́lẹ̀, o yí tuntun wọlé, o so ó mọ́ Wi-Fi, ó parí. Wàhálà rẹ̀ ni pé súìsì àtijọ́ ṣì wà lára ògiri, àwọn ọmọ sì mọ̀ ọ́n lò. Bí wọ́n bá ti pa á níbẹ̀, iná ò dé ọ̀dọ̀ gílóòbù mọ́. Fóònù á máa pè é, kò ní dáhùn. Mo lẹ téèpù mọ́ súìsì náà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, wọ́n ti ṣí i dànù. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ibi tí ọwọ́ gbogbo wa ń lọ ló yẹ kí n gbé ọgbọ́n náà sí, ìyẹn ara ògiri.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi kí n tó rà ni ọ̀rọ̀ wáyà neutral, èyí tí iná ń gbà padà lẹ́yìn tó bá ti kọjá nínú gílóòbù. Súìsì lásán kò nílò rẹ̀. Iná gba wáyà live wọlé, ó kọjá nínú súìsì lọ bá gílóòbù. Súìsì á so ó tàbí kó já a, iṣẹ́ rẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ọlọ́gbọ́n yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré ni, ó ní rédíò nínú, kì í sì í sùn. Bí iná yàrá bá tiẹ̀ kú, òun ṣì gbọ́dọ̀ máa jẹun kó lè gbọ́ nígbà tí a bá pè é, live àti neutral ló sì fi ń jẹun. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, pàápàá àwọn tó ti pẹ́, òkè àjà níbi tí gílóòbù wà ni neutral dúró sí, kò sọ̀ kalẹ̀ wá sídìí súìsì rárá. Mo tú ti pálọ̀, wáyà méjì péré ni mo bá níbẹ̀. Mo pe oníṣẹ́ iná. Ó tanná tọ́ọ̀ṣì wò ó, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀rọ yín ń bèèrè wáyà mẹ́ta, ògiri yín ní méjì. Èwo ni ká bẹ̀ nínú wọn?"

Ẹnì kan ti gbà mí nímọ̀ràn ṣáájú pé kí n lo wáyà earth, èyí tó wọ inú ilẹ̀ lọ, dípò neutral, pé òun ṣe é nílé òun, ó sì ń ṣiṣẹ́. Mo bi oníṣẹ́ iná, ojú rẹ̀ yí padà. Ààbò ni wáyà yẹn wà fún. Tí ẹ bá ń fi gbé iná tí ẹ̀rọ ń jẹ lójoojúmọ́, ọjọ́ tó bá já níbì kan, irin tí wọ́n so mọ́ ọn lè di ohun tí ń gbé èèyàn. Níbi tí bíréékà tó ń ṣọ́ iná tó ń jò bá wà, ó lè máa já láìdáwọ́ dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí èèyàn lọ yá neutral láti ojú ọ̀nà iná mìíràn nínú ilé: bíréékà yẹn á rí i pé iye tó jáde kọ́ ló padà wálé, yóò sì já. Nítorí náà, ẹ má dán an wò.

Ọ̀nà méjì ló kù. A fa neutral wálẹ̀ fún pálọ̀ àti kíṣíìnì, èyí tó gba gbogbo ọjọ́ kan. Fún ọ̀ọ̀dẹ̀ àti yàrá méjì, mo ra irú súìsì tí kò nílò neutral. Ọgbọ́n tó ń dá ni pé inú gílóòbù ló ń gbà jẹun: iná bíńtín ń ṣàn kọjá níbẹ̀ kódà nígbà tí a ti pa á. Gílóòbù olókùn àtijọ́ kò ní mọ̀ ọ́n lára. LED, gílóòbù òde òní tí kì í jẹ iná púpọ̀, máa mọ̀ ọ́n. Gílóòbù wátì 5 tó wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú bíi tanátaná láti ìrọ̀lẹ́ títí dàárọ̀. Ìyàwó mi ní, "Dádì, iná yìí ń wò mí." Ohun tó wò ó sàn ni kapásítọ̀ kékeré kan tí àwọn tó ń ta súìsì ń pè ní bypass, tí oníṣẹ́ iná so lókè àjà, láàárín wáyà méjèèjì tó dé ìdí gílóòbù, kí iná bíńtín náà lè gba inú rẹ̀ kọjá dípò inú gílóòbù. Àwọn kan ń fi í sínú páálí súìsì, àwọn kan kì í fi í sí i. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Mo já bíréékà pálọ̀ sílẹ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Mo ṣáà tún fi tẹ́sítà kan àwọn wáyà inú àpótí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ni tẹ́sítà bá tàn lórí ìkan. Ẹni tó ṣe iná ilé náà ti mú ojú ọ̀nà iná méjì pàdé nínú àpótí kan ṣoṣo. Ìbáà ṣe fólítì 230 ìbáà ṣe 120, mi ò fẹ́ kí òun àti ìka mi mọra. Mo ti kọ́kọ́ fi tẹ́sítà náà kan sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní iná láti rí i pé òun fúnra rẹ̀ ò tíì kú; ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò.

Àpótí inú ògiri náà ní tirẹ̀ láti sọ. Ìkan nínú tiwa ò jìn ju mìlímítà 25 lọ. Ikùn súìsì ọlọ́gbọ́n tóbi, wáyà tún pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. A tẹ̀ ẹ́ títí, kò wọlé. A fọ́ ògiri díẹ̀. Kí ẹ tó rà, ẹ fi rúlà wọn bó ṣe jìn.

Ti àtẹ̀gùn ló burú jù lọ. Súìsì méjì ló ń tan iná kan níbẹ̀, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Èmi ọ̀mọ̀ràn, mo ra ọlọ́gbọ́n méjì, mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan rọ́pò wọn. Bí ti ìsàlẹ̀ bá ti já iná, ti òkè á kú pátápátá torí ara ìsàlẹ̀ ló ti ń jẹun. Ìjà ìbejì ni wọ́n ń jà. Ohun tó yẹ ni kí ọ̀kan ṣoṣo máa gbé iná náà, kí èkejì jẹ́ bọ́tìnnì alábátìrì tó kàn ń fi rédíò ránṣẹ́ sí i. Bátìrì pẹlẹbẹ bíi ti aago ló wà nínú ti òkè báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kàn lẹ̀ mọ́ ògiri ni. Kò sí wáyà kankan tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó di ọ̀rọ̀ gbígbé pẹ̀lú wọn. Méje àkọ́kọ́ jẹ́ ti Wi-Fi, GHz 2.4, ọ̀kan lára àwọn ìgbì rédíò tí Wi-Fi ń lò, nìkan ni wọ́n sì ń gbọ́. Fóònù mi wà lórí GHz 5, mo fi wákàtí kan gbáko bá wọn fà á kí n tó mọ ohun tó ń ṣe wá. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mo pààrọ̀ router, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi kiri ilé, mo fún un ní orúkọ tuntun àti páásíwọ́ọ̀dù tuntun. Àwọn méjèèje di àjèjì lójú ẹsẹ̀. Mo ń ti yàrá dé yàrá, mo ń di bọ́tìnnì mú títí tí wọ́n á fi ṣẹ́jú, mo ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ká ní mo fún router tuntun ní orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù ti àtijọ́ ni, wọn ì bá máà mọ̀ pé nǹkan kan yí padà.

Síbẹ̀, kì í ṣe ìyẹn ló mú mi kúrò lọ́dọ̀ wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Wi-Fi ilé ṣì wà digbí, iná náà wà, àmọ́ áàpù ní òun ò rí súìsì kankan. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ló wà láàárín èmi àti ògiri, àṣẹ mi sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ṣe é, níbi tó jìnnà réré, kó tó padà wá sínú yàrá mi. Ọwọ́ ṣì ń tàn án o. Lórí ìyẹn, mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn máa jẹ́ alárinà láàárín èmi àti iná ilé mi, kó sì tún mọ ìgbà tí mo ń sùn àti ìgbà tí mo ń jí.

Mẹ́rin tó kù, ti Zigbee ni mo rà, ìyẹn oríṣi rédíò mìíràn tí kì í gba orí Wi-Fi. Wọ́n nílò àpótí kékeré kan tó ń kó wọn jọ. Èmi so tèmi mọ́ Home Assistant, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà inú ilé fúnra rẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì lè lọ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí, iná ìta á tàn nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Adùn mìíràn ni pé àwọn tó ní neutral máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn, wọ́n á tàtaré rẹ̀ títí tó fi máa dé èyí tó jìnnà jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò ní neutral kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ti ara wọn nìkan ni wọ́n gbọ́. Tó bá jẹ́ òní ni mo ń bẹ̀rẹ̀, mo máa kọ́kọ́ wo àmì Matter lára páálí, ìlànà tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 kí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè máa gbọ́ èdè ara wọn nínú ilé láìkọ́kọ́ jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìkan lára wọn ti kú. Òun ló ń gbé gílóòbù LED mẹ́jọ nínú pálọ̀. Ní ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n bá tàn, LED máa ń fa iná kíkankíkan ju bí wọ́n ṣe ń jẹ lọ. Ẹnu irin inú súìsì náà lẹ̀ pọ̀, iná ò sì pa mọ́. Ó ń dún "kẹ́" nígbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́, bíi pé ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún mi láìjanpata.

Òru ọjọ́ kan tún wà tí iná lọ, tó sì padà dé ní nǹkan bí aago méjì. Gbogbo gílóòbù ilé tàn lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ọmọ bú sẹ́kún. Inú áàpù ni ẹ ti máa yan ohun tí súìsì máa ṣe bí iná bá dé: kó tàn, kó dákẹ́, tàbí kó padà sí bó ṣe wà. Ẹ lọ yàn án kí ẹ tó sùn lónìí.

Mo ra ọ̀kan tó ń dín iná kù fún yàrá. Gílóòbù tí wọn ò ṣe fún dídínkù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin, mo pààrọ̀ gílóòbù, ó dákẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi irú súìsì yẹn sí ìdí fáànù.

Ẹni tó bá rò pé yóò dín owó iná kù, kó fara balẹ̀. Tí súìsì kan bá ń jẹ wátì kan láìdúró, ó máa jẹ nǹkan bíi yúnìtì iná (kWh) 8.8 lọ́dún. Mọ́kànlá irú rẹ̀ jẹun ju gílóòbù LED wátì 9 kan tí wọ́n tàn sílẹ̀ tọ̀sán-tòru láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Ilé tí wọ́n ti máa ń gbàgbé iná gan-an nìkan ló lè rí èrè níbẹ̀. Mi ò rà á fún èrè. Mo rà á torí bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi: mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ilé kú, mi ò dìde lọ wo kíṣíìnì mọ́. Mo rà á torí ọ̀ọ̀dẹ̀ tó ń tàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ fún ẹni tó bá jí lóru. Àwọn ọmọ ti mọ̀ pé àwọn lè pa iná mọ́ ara wọn lórí ní balùwẹ̀ látorí fóònù mi, nítorí náà mo ti yọ balùwẹ̀ kúrò nínú áàpù.

Mo ti tú gíláàsì ti balùwẹ̀ yẹn náà dànù, mo fi èyí tó ní bọ́tìnnì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ síbẹ̀. Màmá tún wá, wọ́n lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ ni wọ́n bi mí pé, "Èyí tí ẹ ń fi fóònù tàn níjọ́sí dà?" Mo ní òun ni wọ́n ń tẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé. Wọ́n wò mí, wọ́n ní irọ́ ni.

Èyí tó kù ni ti òkè àtẹ̀gùn. Láti àná, ẹ̀ẹ̀mejì lèèyàn ń tẹ̀ ẹ́ kó tó gbọ́. Mo ti ra bátìrì, ó wà lórí tábìlì.