Àgbéyẹ̀wò Atọ́ka Inú Amazon DynamoDB: GSI Yẹ ní Lílò, LSI Gba Ìṣọ́ra

Ẹni tí dátábéèsì bíi MySQL tàbí PostgreSQL bá ti mọ́ lára máa ń gbé DynamoDB pẹ̀lú ìrètí pé ohunkóhun tó bá wà nínú tébù ni òun lè béèrè nígbàkígbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Partition key ni dátábéèsì yìí, tí Amazon gbé jáde ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2012, fi ń mọ ibi tí ó tọ́jú àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí, sort key ni ó sì fi ń to àwọn àkọsílẹ̀ tí partition key wọn jẹ́ ọ̀kan náà tẹ̀ lé ara wọn. Bí ìbéèrè yín kò bá gba ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ wọ̀nyí wọlé, kò sí ohun tó kù ju pé kí ó ka tébù náà látòkè délẹ̀, kí ẹ sì sanwó gbogbo ohun tí ó kà, ìbáà jẹ́ àkọsílẹ̀ mẹ́ta péré ni ẹ̀ ń wá. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi atọ́ka kún un, ìyẹn ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tí a fi kọ́kọ́rọ́ mìíràn tò kí ìbéèrè lè gba ibẹ̀ wọlé, oríṣi méjì ni wọ́n sì pín in sí: LSI (local secondary index) àti GSI (global secondary index). Lójú tèmi, ọ̀kan nínú wọn wúlò gan-an, èkejì kò sì yẹ lẹ́ni tí kò ní ìdí pàtàkì.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ìtàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe àpẹẹrẹ. Nọ́ńbà oníbàárà ni partition key tébù ìwé tí àwọn ènìyàn rà, ọjọ́ tí wọ́n rà á ni sort key. Bí a bá béèrè ohun tí oníbàárà kan rà ní oṣù Ẹrẹ́nà, ìdáhùn á jáde lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rù bá fẹ́ mọ gbogbo ìwé tí wọn kò tíì fi ránṣẹ́, ta yòówù kó rà wọ́n, tébù náà kò ní ọ̀nà tó rọrùn láti dá a lóhùn.

LSI kò lè yanjú èyí, nítorí partition key tébù gan-an ni òun náà ń lò, sort key nìkan ni ó lè yí padà. Oṣù Igbe ọdún 2013 ni ó dé. Àǹfààní kan tí ó ní tí GSI kò ní ni pé a lè bá a béèrè ìwífún tó bá ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ mu láìsí ìdádúró kankan. Àwọn àdéhùn tó rọ̀ mọ́ ọn ló le. Ọjọ́ tí ẹ bá dá tébù sílẹ̀ nìkan ni ẹ lè dá a sílẹ̀, ẹ kò lè fi kún un lẹ́yìn náà, ẹ kò sì lè yọ ọ́ kúrò títí tébù náà yóò fi kógbá wọlé. Márùn-ún péré ni tébù kan lè ní. Èyí tó burú jù ni pé, níwọ̀n ìgbà tí LSI bá ti wà, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ partition key kan, nínú tébù àti nínú àwọn LSI rẹ̀ lápapọ̀, kò gbọ́dọ̀ ju 10 GB lọ; bí ó bá kún, DynamoDB kò ní gba àkọsílẹ̀ tuntun mọ́ fún oníbàárà yẹn. Tébù tí kò ní LSI kò mọ irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀ rárá.

GSI ni kí ẹ lọ bá. Oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2013 ni wọ́n gbé e jáde, láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2015 ni a sì ti lè fi kún tébù tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àbùdá èyíkéyìí (ohun kan tí a kọ sínú àkọsílẹ̀, bí ọjọ́ tí wọ́n ra ìwé) tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀, nọ́ńbà tàbí báínárì ni ẹ lè fi ṣe kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tébù kan sì lè ní 20 kí ẹ tó ní láti bẹ Amazon fún àfikún. Iṣẹ́ ìdásílẹ̀ rẹ̀ kò le: ẹ ṣí tébù náà, ẹ lọ sí abẹ́ Indexes, ẹ tẹ Create index, ẹ yan kọ́kọ́rọ́ àti irú rẹ̀, ẹ yan àwọn àbùdá tí ẹ fẹ́ kí ó kó dání, ó parí. Bí DynamoDB ṣe ń da àkọsílẹ̀ àtijọ́ sínú atọ́ka tuntun náà, tébù yín kò ní dáwọ́ iṣẹ́ dúró, èyí sì yẹ fún ìyìn. Síbẹ̀, àkọsílẹ̀ àtijọ́ tí irú àbùdá rẹ̀ kò bá bá èyí tí ẹ yàn mu kò ní wọlé, kò sì sí ìkìlọ̀ tí yóò yọ sí yín lójú. Nítorí náà ẹ wo dátà yín dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú GSI ni pé àkọsílẹ̀ tí kò bá ní àbùdá tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ kì í wọ inú rẹ̀. Ilé ìtàwé wa lè fi àbùdá kan sára ìwé tí a kò tíì fi ránṣẹ́ nìkan, kí ó sì yọ ọ́ lẹ́yìn tí ìwé náà bá ti kúrò nílé ìkẹ́rù. Tébù lè ní mílíọ̀nù àkọsílẹ̀, kí atọ́ka yìí má ní ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, owó tí ẹ ó san lórí kíkà rẹ̀ kò sì ní tó nǹkan. N kò rí ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń fojú fo ọ̀nà yìí dá.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bíi “kò tíì lọ” ṣe partition key fún gbogbo wọn bí ọjà yín bá pọ̀. Ibi kan náà ni gbogbo rẹ̀ yóò rọ́ lọ, ibi kan kò sì lè gbà ju 1,000 ìwọ̀n kíkọ (ìwọ̀n kan ni kíkọ àkọsílẹ̀ tí kò ju 1 KB lọ lẹ́ẹ̀kan) lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ lè fi ọjọ́ tàbí nọ́ńbà ilé ìkẹ́rù kún un kí ẹrù náà lè pín. Bí atọ́ka bá ti ha, tébù gan-an ni kò ní gba àkọsílẹ̀ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè ṣì wà nínú rẹ̀; àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Bákan náà ni yóò rí bí ẹ bá yan ètò tí a ti ń dá iye kíkọ lé tẹ́lẹ̀, tí ẹ sì fún atọ́ka ní iye tó kéré sí ti tébù. Ètò tí a fi ń sanwó bí a bá ṣe lò ó dín ìyọnu yìí kù, kò yọ ti 1,000 yẹn kúrò.

Ọ̀rọ̀ owó wà nínú àwọn àbùdá tí ẹ bá ní kí ó kó dání. Ọ̀nà mẹ́ta ni: kọ́kọ́rọ́ nìkan, kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú àwọn tí ẹ dárúkọ, tàbí gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí ó kó gbogbo rẹ̀, gbogbo àtúnṣe tí ẹ bá ṣe nínú tébù ni ẹ ó tún sanwó rẹ̀ nínú atọ́ka, ẹ ó sì san ti ibi ìpamọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí kọ́kọ́rọ́ atọ́ka bá yí padà, owó kíkọ méjì ni: ọ̀kan fún yíyọ ti àtijọ́, ọ̀kan fún fífi tuntun sí i. Àbùdá tí ẹ kò bá sì fi sí i, ẹ kò lè rí i gbà láti inú GSI. Àfi kí ẹ padà lọ bá tébù. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ mú kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú àbùdá méjì sí mẹ́ta tí ojú ewé yín ń fi hàn. Ẹ rò ó dáadáa, torí ẹ kò lè tún un yàn lẹ́yìn náà láìdá atọ́ka mìíràn sílẹ̀.

Àléébù GSI tí kò ní àtúnṣe ni pé ó máa ń rẹ̀yìn sí tébù díẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n oníbàárà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó lè ṣí ojú ewé rẹ̀ kí ó má rí ohun tí ó rà. Ẹ jẹ́ kí irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ ka tébù fúnra rẹ̀, kí GSI máa dá òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rù lóhùn.

Amazon ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́ kan, DynamoDB local, tí ẹ lè fi sórí kọ̀ǹpútà yín láti dán atọ́ka wò. Ó dára fún kíkọ ìbéèrè, ṣùgbọ́n kò ka iye kíkọ tí ẹ dá lé sí, ìdádúró GSI kì í sì í sábà hàn nínú rẹ̀ nítorí bí ó ṣe yára tó. Àwọn ohun méjì tó lè dà yín láàmú jù ni ẹ kò ní rí níbẹ̀, nítorí náà orí tébù kékeré kan lọ́dọ̀ Amazon gan-an ni kí ẹ ti dán wọn wò.