Oògùn mẹ́ta, ife kan: àǹtínétà àdúgbò wa ní Ìlọrin

Ẹ má wulẹ̀ bi mí ní orúkọ ibẹ̀. Ibùdó ìlera ìjọba ni, kò jìnnà sí odò Àsà, ìyẹn náà tó. Aránṣọ ni mí, ọ̀nà Àmílẹ́gbẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, oyún inú mi sì ti wọ oṣù kẹjọ. Fansidar tí wọ́n ń fún aboyún nítorí ibà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àti àwọn tó ń fún wa. Mo ti bá oògùn fà á, mo ti bá àwọn olóògùn náà fà á, n ò sì ní fi ẹnì kankan pa mọ́ nínú wọn.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, oyún ò tíì ju oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ni mo dé, síbẹ̀ mi ò rí àyè jókòó. Bẹ́ǹṣì mẹ́ta, aboyún bí ogójì. Ògiri ni mo fẹ̀yìn tì. Wọ́n kọ́kọ́ kọrin, wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn tí ikùn wọn ti ga gan-an náà ń jó. Mo fẹ́ràn ìyẹn o, kí n má parọ́. Lẹ́yìn náà ló wá kan káàdì (ẹgbẹ̀rún kan náírà), ìwọ̀n, ìfúnpá, ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀. Wọ́n fún mi ní àwọ̀n ẹ̀fọn tuntun lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn náà dùn mọ́ mi, torí ẹ̀fọn tó wà ní ìsàlẹ̀ odò wa lọ́hùn-ún lè gbé èèyàn lọ.

Nígbà tí wọ́n máa pè mí wọlé, oòrùn ti kan àtàrí. Nọ́ọ̀sì tó pè mí ò tilẹ̀ wojú mi. Ó tú oògùn funfun mẹ́ta sí mi lọ́wọ́, ó na ife omi sí mi.

"Ẹ gbé e mì, màmá, àwọn tó wà lẹ́yìn yín ń dúró."

Mo ní oògùn kí ni. Ó ní oògùn ibà. Mo ní ibà ò ṣe mí. Ó ní kò kàn án, gbogbo aboyún ló ń lò ó.

Ká ní ohun tó wà nínú mi kò ju ìyẹn lọ ni, ǹ bá ti gbé e mì. Ṣùgbọ́n àbúrò mi obìnrin lo Septrin, oògùn apakòkòrò yẹn, lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ètè rẹ̀ bó, ara rẹ̀ lé bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná sí lára, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi sùn sílé ìwòsàn. Dókítà sọ fún wa nígbà náà pé sulfa inú oògùn yẹn ni ara rẹ̀ kọ̀, kó má tún fẹnu kan ohunkóhun tó bá ní sulfa nínú mọ́. Èmi ni mo sùn tì í. Mo wá wo páálí tó wà lórí tábìlì nọ́ọ̀sì, mo rí "sulfadoxine" tí wọ́n kọ gàdàgbà síbẹ̀. Mo rọra dá oògùn padà sórí tábìlì. Nọ́ọ̀sì pòṣé, ó kọ ọ́ sórí káàdì mi pé mo kọ̀, ó pe ẹlòmíràn.

Mo délé, mo ròyìn fún ìyá ọkọ mi, Alhaja ní mo ṣe dáadáa. "Ìyàwó mi, ta ní í lé àrùn tí kò tíì wọlé?" Ó gba ọ̀dọ̀ àáfà kan lọ ní Òkèlélé, ó gbé hàntú, omi tí àáfà fi fọ wàláà, wá fún mi nínú ìgò, ó tún se àgbo lé e. Hàntú ni mo mu. Àgbo, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni mo ń dà á sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un. Ọkọ mi ní ohun tí mo bá fẹ́ ni kí n ṣe. Ẹ ṣáà mọ irú ìrànlọ́wọ́ yẹn.

Ohun tí kò jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ni Ràṣídà, àkọ́bí mi. Kílò méjì àti díẹ̀ ni wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tí mo bí i. Fìlà tí mo rán dè é bò ó mọ́lẹ̀ dé imú, èmi tí mo ń fi aṣọ ṣiṣẹ́ jẹ! Nínú oyún yẹn, mi ò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan títí ó fi ku oṣù kan, Fansidar kankan ò sì kàn mí lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ìdí rẹ̀ nìyẹn, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n òru ò gbọ́ ìyẹn. Òru ṣáà ń bi mí.

Nígbà tí mo padà lọ lóṣù tó tẹ̀lé e, ìyá kan tó ń lo gíláàsì ló wà lórí àga. Òun ni mo tìtorí rẹ̀ ń kọ èyí. Ó ka káàdì mi, ó gbé ojú sókè.

"Wọ́n ní o kọ oògùn. Kí ló dé?"

Mo sọ ti àbúrò mi fún un. Kò pòṣé. Ó gbé bírò sílẹ̀.

"Ìwọ fúnra ẹ ńkọ́, ṣé o ti lo Septrin rí?"

Mo ronú. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, ikọ́ kan dà mí láàmú, màmá mi ra Septrin, mo lò ó tán. Fansidar gan-an, ta ni kò lò ó rí nínú àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà nílé yìí? Òun ni wọ́n ń kó sí wa lẹ́nu bí ara wa bá ti gbóná, kí àwọn oògùn ibà ti ìsinsìnyí tó dé.

"Ṣé ara yún ẹ? Ṣé ó lé? Ṣé ẹnu ẹ bó?"

Mo ní rárá.

"Ara àbúrò ẹ, tiẹ̀ ni. Tìẹ ni mò ń bi ẹ́."

Ó wá sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ débi pé mo ní láti tẹ́tí: ṣé kò sí Septrin kankan tí mo ń lò lójoojúmọ́ báyìí, fún ohunkóhun? Ó yé mi. Àwọn tó ní kòkòrò HIV tí wọ́n ń lo Septrin lójoojúmọ́, wọn kì í fi Fansidar lé e. Kò sí bí aboyún tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ṣe lè gbọ́ ohun tó bi mí tàbí èsì tí mo fún un. Ilé ìwòsàn tí mo ti dé rí pọ̀, n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti bo àṣírí èèyàn báyẹn pẹ̀lú ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Mo wá bi í ní ìbéèrè Alhaja: kí ló dé tí ẹni tí ara rẹ̀ le á fi lo oògùn ibà? Ó ya róbótó kan sẹ́yìn ìwé, ó ní ibi ọmọ nìyí. Kòkòrò ibà tí ẹ̀fọn gbé sí aboyún lára máa ń sá pamọ́ síbẹ̀. Wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ lórí ìka rẹ kí wọ́n má rí nǹkan kan, ara rẹ lè máà gbóná rárá, síbẹ̀ kòkòrò á ti jókòó sójú ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ọmọ á kéré. Ẹ̀jẹ̀ ìyá náà á máa lọ sílẹ̀. Mo ní ó dà bí aṣọ tí kòkòrò ń jẹ nínú àpótí, tí a kì í mọ̀ títí a ó fi tú u lọ́jọ́ òde. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á máa fi ìyẹn ṣàlàyé.

Ó ní a kì í lò ó kí oyún tó wọ oṣù kẹrin. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kó má dín ní oṣù kan láàárín ìkíní sí ìkejì, kó sì tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán kí a tó bímọ; bó bá jù bẹ́ẹ̀, kò burú. Ó tún ní bí ibà bá wá mú mi gan-an, kí n má fi Fansidar wo ara mi o, kòkòrò ti mọ̀ ọ́n lára jù, oògùn mìíràn ni wọn á fún mi. Èyí tí à ń lò yìí, ìdènà ni.

Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ò ní.

Mo na ọwọ́. Ó já omi inú ọ̀rá, ó dà á sínú ife, mo kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Ó korò. Kì í ṣe kíkorò ewúro tí èèyàn ń bá ṣeré, kíkorò tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ahọ́n ni. Ó ní kí n jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, torí bí mo bá bì í láàárín ìgbà yẹn, a ó tún un lò. Mi ò bì í. Èébì gbé mi lálẹ́, òyì sì kọ́ mi díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ti jókòó ti máṣíìnì mi, mo ń jẹ wàrà tí mo rà lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní tó ń kọjá. Ara mi ò yún, kò lé. Mo ya fọ́tò apá mi fún àbúrò mi, ó ní kí n tún ya ẹ̀yìn mi fún òun.

Ẹ̀dùn ọkàn mi àkọ́kọ́ nípa ibẹ̀ rè é: ife kan ṣoṣo. Ife ike funfun tó ti pọ́n létí, òun ni gbogbo wa fi ń gbé oògùn mì. Wọ́n á fi omi díẹ̀ ṣàn án, ó kan ẹlòmíì. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa ní ìmọ́tótó láàárọ̀! Mo sọ fún wọn, wọ́n ní òótọ́ ni. Nígbà tí mo tún máa lọ, mo ti mú ife búlúù tèmi dání, kí n sì tó jókòó tán, àwọn mẹ́ta ti tọrọ rẹ̀.

Ìkejì ló dùn mí jù. Ní oṣù kẹfà, ìyá onígíláàsì ní kí n tú gbogbo oògùn tó wà nínú báàgì mi sílẹ̀. Ó mú folic mi, fítámì tí wọ́n ń fún aboyún, ó wo ìdí rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Mílígíráàmù 5 ni.

"Ta ló fún ẹ léyìí?"

"Ẹ̀yin náà ni, mà."

Ó dákẹ́. Ó wá ṣàlàyé pé folic ni Fansidar ń fi du kòkòrò, kó má baà rí i lò láti pọ̀ sí i. Bí èèyàn bá wá ń gbé folic ńlá mì lójoojúmọ́, ńṣe ló dà bíi pé a ń fún kòkòrò lóúnjẹ padà, agbára oògùn á sì dín kù. Folic kékeré, mílígíráàmù 0.4, kò bá a jà rárá. Aboyún nílò rẹ̀. Ó ní kí n gbé ńlá yẹn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ mi lọ, ó sì kọ kékeré fún mi.

Ẹ wò ó, inú bí mi. Èyí tí mo kọ́kọ́ lò, tí mo bá ara mi jà lórí rẹ̀ fún odidi oṣù kan, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ni mo jẹ. Nínú yàrá kan náà ni wọ́n ti kó oògùn méjèèjì lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀, àti ibòmíràn pàápàá, ẹ wo ara folic yín kí ẹ tó gbé Fansidar mì, kí ẹ sì bèèrè.

Ti oṣù keje, oògùn ti tán. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é, ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́ nígbà tó bá wà. Wọ́n ní ká lọ rà á níta. Mo wọ kóróópe, mo dé kẹ́mísì kan, ọmọkùnrin ibẹ̀ ní kí n fi Fansidar sílẹ̀, ti àtijọ́ ni, ó gbé oògùn ibà olówó ńlá kan jáde, ó ní èyí ló ń ṣiṣẹ́. Bí mi ò bá tíì gbọ́ tẹnu ìyá onígíláàsì, ǹ bá ti sanwó: oògùn ìwòsàn ló ń tà fún ẹni tó wá ra ìdènà. Mo ní Fansidar ni mo fẹ́. Mo wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa kú, mo gbé e padà sí ibùdó ìlera, mo sì lò ó níwájú wọn pẹ̀lú ife mi. Náírà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ni.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan fún ẹni tó máa bi mí bóyá gbogbo aboyún ló ń lo aspirin: obìnrin tó jókòó tì mí lọ́jọ́ yẹn, aspirin kékeré ni wọ́n kọ fún òun ní tirẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tó bá a jà nínú oyún tó ṣáájú. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ má torí pé ẹ rí i lọ́wọ́ ẹnìkejì lọ rà á o.

Oògùn náà, mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Kíkorò rẹ̀ ló gba ọ̀kan yẹn. Ibùdó ìlera, mẹ́ta, ìyá onígíláàsì ló sì ni méjì níbẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ló máa ń wà lórí àga. Ẹ tètè dé, ẹ mú omi dání. Ẹ̀ẹ̀kẹrin mi ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lánàá ni Alhaja yẹ báàgì mi wò, ó rí ife búlúù, ó bi mí pé ti kí ni. Mo ní ti àǹtínétà ni. Ó wò mí lọ títí, ó fọ̀ ọ́, ó nù ún, ó dá a padà sínú báàgì.