Nọ́ọ̀sì Kẹ́ńyà: Kọ́lẹ́ẹ̀jì tàbí Ẹ̀kọ́ Orí Kọ̀ǹpútà?

Ní 2005, AMREF, àjọ tó ń rí sí ètò ìlera ní Áfíríkà, gbé ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà kalẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì Kẹ́ńyà tó fẹ́ gba díplómà. Ẹni tó lọ gbé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní olùkọ́ nítòsí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní abúlé tí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo wà, ta ni yóò gbẹ̀bí aboyún bí nọ́ọ̀sì náà bá lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì? Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ti kọ̀ǹpútà fún ìgbèríko: ohun tí nọ́ọ̀sì kà lálẹ́, ó lè fi tọ́jú aláìsàn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Iná àti íntánẹ́ẹ̀tì ni wàhálà rẹ̀. Rírán ojú ọgbẹ́ kò sì ṣeé kọ́ lórí kọ̀ǹpútà nìkan. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ lọ ṣe é lójú ọ̀gá ní ilé ìwòsàn.