Iṣẹ́ abẹ kékeré tí mo ṣe fún kókó parathyroid: ohun tó mú kí n gbà á gbọ́

Àpá ọrùn ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Tèmi ò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, inú ìlà ọrùn ló sì bọ́ sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí àpá ni mo ṣe ń yin iṣẹ́ abẹ yìí.

Kókó parathyroid mẹ́rin ló sábà máa ń wà lẹ́yìn thyroid, ìyẹn kókó ńlá tó wà níwájú ọrùn; wọ́n kéré gan-an, àwọn ló sì ń fi họ́mónù PTH darí calcium inú ẹ̀jẹ̀. Bí ọ̀kan bá wú tó ń tú PTH jáde láìdẹwọ́, calcium á máa ti inú egungun bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Òkúta inú kíndìnrín ni tèmi fi hàn, pẹ̀lú òùngbẹ àti àárẹ̀ tí oorun ò lè mú kúrò. Nínú èèyàn mẹ́wàá tí àìsàn yìí ń bá jà, nǹkan bíi mẹ́jọ ló jẹ́ pé kókó kan ṣoṣo ló bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè lọ tààrà síbi tí ọ̀kan náà wà, dípò kó ṣí gbogbo ọrùn láti wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ó gbọ́dọ̀ mọ ibẹ̀ ná. Wọ́n fi ultrasound wò mí, wọ́n tún ṣe sestamibi, ìyẹn àwòrán tí wọ́n ń yà lẹ́yìn tí wọ́n bá fa oògùn onítànṣán díẹ̀ sí èèyàn lára. Ìsàlẹ̀ lápá òsì ni àwòrán méjèèjì tọ́ka sí, ọkàn mi sì balẹ̀. Bí àwòrán yín ò bá rí nǹkan kan, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àìsàn ò sí. Ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ bóyá àìsàn wà. Iṣẹ́ àwòrán ò ju pé kó júwe ọ̀nà.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń yẹ̀ wò nígbà tí aláìsàn ṣì wà lórí tábìlì ni mo fẹ́ràn jù. PTH kì í pẹ́ lára: láàárín ìṣẹ́jú 3 sí 5, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Torí náà, bí wọ́n bá yọ kókó tó bàjẹ́, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ ní ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn náà. Bí PTH bá ti já wálẹ̀ tó ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á rán ọgbẹ́. Bí kò bá já, òmíràn ṣì wà níbẹ̀, wọ́n á máa wá a. Èmi ò ní gbà kí wọ́n ṣe é fún mi láìsí àyẹ̀wò yìí.

Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀fun dùn mí, ohùn mi sì há díẹ̀ kó tó padà bọ̀ sípò. Ẹ bi dókítà yín dáadáa nípa ohùn, nítorí iṣan tó ń darí rẹ̀ gba ibẹ̀ gan-an kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sábà bàjẹ́ pátápátá. Ètè àti orí ìka mi ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀: calcium ló lọ sílẹ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi, síbẹ̀ ẹ̀rù bà mí. Oògùn calcium ló tù mí lára.

Wọ́n tún sọ fún mi nípa abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru jó kókó náà, tí ultrasound ń tọ́ sọ́nà. Kò sí ọgbẹ́, kò sí oògùn oorun, ó sì dára fún ẹni tí ara rẹ̀ ò lè gba iṣẹ́ abẹ. Èmi ò mú un, torí wọn ò ní rí kókó náà gbé lọ fún àyẹ̀wò, ooru náà sì sún mọ́ iṣan ohùn. Oògùn kan tún wà tí wọ́n ń pè ní cinacalcet: ó ń mú calcium wálẹ̀, ṣùgbọ́n kì í tún egungun ṣe, bí ẹ bá sì dá a dúró, calcium á tún gòkè.

Ẹ má gbàgbé àyẹ̀wò oṣù mẹ́fà. Bí calcium bá ṣì wà níbi tó yẹ nígbà náà ni wọ́n tó ń pè é ní ìwòsàn. Tèmi wà níbẹ̀. Àyẹ̀wò egungun ló kù.