Ẹ̀kọ́ Bésíbọ́ọ̀lù Àwọn Ọmọdé ní Ògbómọ̀ṣọ́
Inú mi dùn sí ẹ̀kọ́ bésíbọ́ọ̀lù tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ọjọ́ Sátidé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ọmọ bá na igi sí bọ́ọ̀lù tí igi kò bá a, olùkọ́ wọn kì í jágbe mọ́ ọn. Ohun tí ọmọ náà ṣe dáadáa ni yóò kọ́kọ́ sọ, pé, “O káre, ojú rẹ kò kúrò lára bọ́ọ̀lù,” kí ó tó bá a tún ìdúró ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe, kí ó sì fi hàn án bí ìbàdí ṣe ń yí ṣáájú ọwọ́. Ọmọ mi tí ẹ̀rù máa ń bà tẹ́lẹ̀ ti ń sáré bọ́ síwájú báyìí. Ìwúrí yìí ṣe pàtàkì, nítorí eré náà le: Ted Williams, agbábésíbọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Boston ní Amẹ́ríkà, tí ó gbá .406 ní ọdún 1941 (ìyẹn ni pé ó ṣe àṣeyọrí ní nǹkan bí ìgbà mẹ́rin nínú mẹ́wàá tí ó gbìyànjú láti gbá bọ́ọ̀lù), ṣì kùnà ju ìdajì ìgbà lọ.

Akoto ni kò kárí. Kò yẹ kí ọmọ kankan dojú kọ bọ́ọ̀lù líle láìdé e, mo sì rọ àwọn alábòójútó kí wọ́n tètè wá nǹkan ṣe sí i.