Kí Ẹ Tó Ra Ámẹ́tísìtì Àtijọ́, Ẹ Dojú Rẹ̀ Dé: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Rà

Ẹni tó ń ra dáyámọ́ǹdì, òkúta ló ń rà. Ẹni tó ń ra ámẹ́tísìtì àtijọ́, òkúta iyebíye elésè àlùkò nì, iṣẹ́ ọwọ́ ló ń rà, torí pé òkúta náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀wọ́n mọ́. Láyé ọjọ́un, ẹgbẹ́ rúbì àti émáràdì ni wọ́n ń kà á sí, nígbà tó jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni èyí tó dára tó ń jáde láti àwọn òkè Ural ní Rọ́ṣíà àti ibi mélòó kan mìíràn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n wá rí i ní yanturu ní Rio Grande do Sul ní Bùràsíìlì àti ní Úrúgúwè, ni iye rẹ̀ bá já wálẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá pe owó gọbọi lé òrùka ámẹ́tísìtì lónìí gbọ́dọ̀ fi nǹkan mìíràn hàn yín yàtọ̀ sí àwọ̀ rẹ̀: wúrà, ọjọ́ orí, òǹtẹ̀ (àmì kéékèèké tí wọ́n tẹ̀ sára wúrà), àti ọwọ́ alágbẹ̀dẹ tó ṣe é. Ẹ̀yìn òrùka ni púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí máa ń wà.

Ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ṣe ìfiwéra yìí. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀, òǹtẹ̀ ara wúrà wọn ṣeé kà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń wá ohun tí yóò bá aṣọ ẹbí elésè àlùkò mu. Èyí tó ti lé ní 100 ọdún ni àwọn oníṣòwò ń pè ní antique. Èyí tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀, vintage ni. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí gba owó lọ́wọ́ yín bí kò bá sí òǹtẹ̀ tàbí iṣẹ́ tó gbè é lẹ́yìn.

Ayé àwọn ọba George àti ayé Victoria

Ayé àwọn ọba George bẹ̀rẹ̀ ní 1714, ó sì parí nígbà tí Victoria gorí oyè ní 1837. Ẹ gbé òrùka ìgbà yẹn, ẹ dojú rẹ̀ dé: wúrà ni ẹ ó rí, ó bo ìdí òkúta náà pátápátá. Láàárín wúrà yẹn àti òkúta ni wọ́n tẹ́ bébà irin dídán kan sí, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, kí iná àbẹ́là lè máa tàn padà síta. Nígbà mìíràn, wọ́n ti pa bébà náà láró. Òkúta tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àwọ̀ rárá lè wá máa pọ́n yòò níwájú yín, kó jẹ́ àwọ̀ bébà ni ẹ ń wò.

Omi ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ó bá ráyè wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bébà náà á dúdú, òkúta á sì kú. Ẹ gbé e sábẹ́ iná, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀: bí apá kan bá ń tàn tí apá kejì sì ṣókùnkùn bí ẹni pé tádàwá dà sí i, omi ti dé ibẹ̀ nìyẹn. Owó kékeré kọ́ ni àtúnṣe rẹ̀, alágbẹ̀dẹ wúrà tó sì mọ̀ ọ́n ṣe kò pọ̀.

Ti ayé Victoria, láti 1837 dé 1901, ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń ṣí sílẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú òkúta kọjá. Ohun tí ẹ rí ni ẹ rà. Ó tún lágbára jù fún lílò. Bí òkúta méjì bá tóbi bákan náà, ti àwọn ọba George ni yóò wọ́n jù, torí pé ìwọ̀nba ló ṣẹ́ kù. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ti yọ́ púpọ̀ nínú wọn láti fi ṣe ohun tó bá ìgbà tiwọn mu. Ẹni tó ń kó ohun àtijọ́ jọ ni mo lè sọ fún pé kó lọ rà á. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tí í fi òrùka fọwọ́, tí í fi gé ẹ̀fọ́, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ mú ti Victoria.

Nínú ti Victoria náà, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti wúrà kárátì 15 (kárátì ló ń sọ bí wúrà ṣe mọ́ tó; 24 ni ògidì). Ní 1854 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba kárátì 9, 12 àti 15 láyè. Ní 1932, wọ́n fagi lé 12 àti 15, wọ́n sì fi 14 rọ́pò wọn. Ẹ wo bí ìyẹn ti ṣe yín lóore tó: bí ẹ bá rí 15 tàbí .625 lára ohun ọ̀ṣọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ti mọ̀ pé wọn ò ṣe é ṣáájú 1854, wọn ò sì ṣe é lẹ́yìn 1932. Àwọ̀ wúrà náà jinlẹ̀ ju ti kárátì 9 lọ, ó sì le ju ti 18 lọ. Ẹ wo àmì ìlú tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ìdákọ̀ró ni ti Birmingham, orí ẹkùn ni ti London, ilé olódi ni ti Edinburgh. Lẹ́tà kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń sọ ọdún. Ohun ọ̀ṣọ́ tí kò ní òǹtẹ̀ kì í ṣe ayédèrú nítorí ìyẹn nìkan, torí òfin yọ̀ǹda ọ̀pọ̀ ohun kéékèèké láìlóǹtẹ̀ nígbà náà. Àmọ́ kí ẹni tó ń tà á má fi owó olóǹtẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní fẹ́ gbọ́ lẹ́yìn tí a bá ti sanwó, nítorí náà ẹ gbọ́ ọ báyìí. Lẹ́yìn ikú Albert, ọkọ Victoria, ní 1861, ọ̀fọ̀ ṣíṣe gba gbogbo ìlú. Opó á kọ́kọ́ wọ dúdú. Tí àkókò bá ti lọ, á bọ́ sí elésè àlùkò, ámẹ́tísìtì sì bá ìgbà yẹn mu. Ẹ yí búróòṣì bẹ́ẹ̀ padà, ẹ lè rí fèrèsé díńgí kékeré kan, kí ẹ sì rí irun tí wọ́n dì bí aṣọ híhun nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ irun òkú, ó sì lè jẹ́ irun olólùfẹ́ tó wà láàyè nígbà náà. Òyìnbó tó ń kó o jọ á san owó lé e nítorí irun yẹn gan-an. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ kò lè gbé e wọlé, ẹ béèrè kí ẹ tó nájà.

Búróòṣì ayé Victoria tún ní wàhálà tirẹ̀: ìkọ́ tó tẹ̀ bíi lẹ́tà C ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń wọ̀, kò sóhun tó ń tì í. Abẹ́rẹ́ náà sì sábà máa ń gùn kọjá etí búróòṣì. Ìkọ́ tó ń yí tì kò wọ́pọ̀ títí di ọ̀rúndún ogún. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi há gèlè tàbí ìpèlé, ẹ ní kí alágbẹ̀dẹ so ẹ̀wọ̀n kékeré tó ní píìnì mọ́ ọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí ijó ló máa já bọ́ sí. Ẹ má jẹ́ kó yọ ìkọ́ àtijọ́ náà kúrò. Yíyọ rẹ̀ á dín iye rẹ̀ kù.

Ìtàn tí wọ́n fi ń tà á láti 1901 lọ

Ìgbà ọba Edward, 1901 sí 1910, iṣẹ́ wẹ́wẹ́ ló gbòde: plátínọ́ọ̀mù, péálì kéékèèké, ẹ̀gbà ọrùn tí òkúta méjì ń rọ̀ lára rẹ̀, tí ọ̀kan gùn ju èkejì lọ. Ó lẹ́wà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tó bá a rìn ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ní 1908, ẹgbẹ́ Women's Social and Political Union, àwọn obìnrin tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò, mú elésè àlùkò, funfun àti àwọ̀ ewé ṣe àwọ̀ ẹgbẹ́ wọn. Láti ìgbà yẹn, ohunkóhun tó bá ti ní ámẹ́tísìtì, péálì àti òkúta ewé pérídọ́ọ̀tì, àwọn oníṣòwò á pè é ní suffragette, wọ́n á sì bu owó lé e. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn alágbẹ̀dẹ ti ń to òkúta mẹ́ta yìí pọ̀ ṣáájú 1908, torí pé wọ́n bára wọn mu. Ẹ wò ó, báàjì fàdákà tí Sylvia Pankhurst, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà, yàwòrán rẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀wọ̀n ní Holloway, kò tilẹ̀ ní ámẹ́tísìtì rárá. Bí kò bá sí ìwé tàbí ìtàn ìdílé tó dájú, ẹ san owó ohun ọ̀ṣọ́, ẹ má san owó ìtàn.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Siberian, ìyẹn ti Siberia ní Rọ́ṣíà. Òkúta tó jinlẹ̀, tó ń yọ pupa díẹ̀ lábẹ́ iná ilé, ni wọ́n ń fi orúkọ yẹn pè lónìí, ì báà jẹ́ Sáḿbíà ni wọ́n ti wà á.

Ti 1920 sí 1939, n kò ní pẹ́ níbẹ̀: igun gbọọrọ, wúrà funfun, òkúta onígun mẹ́rin. Bó bá wù yín, ẹ rà á. Ìṣòro rẹ̀ kò pọ̀, àfi pé àwọn alágbẹ̀dẹ òde òní ń ṣe àdàkọ rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀.

Èyí tí mo rò pé àwọn ará wa kì í kà sí tó ni òrùka gbàgẹ̀dẹ̀ ti 1960 sí 1979. Wúrà kárátì 9 ni púpọ̀ nínú wọn, ara rẹ̀ rí gbágungbàgun, òkúta rẹ̀ tóbi débi pé ẹni tó jókòó sí tábìlì kejì á rí i. Ẹ fi í wé ti Victoria: kò ní ọjọ́ orí, kò ní irun ẹnikẹ́ni nínú, òǹtẹ̀ rẹ̀ mọ́ kedere, ó sì ṣeé gbé lọ òwàǹbẹ̀ láìbẹ̀rù. Ẹ béèrè ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù. Kárátì 9 túmọ̀ sí pé 37.5% rẹ̀ ni wúrà, nítorí náà ẹ lè ṣírò iye wúrà inú rẹ̀ fúnra yín, kí ẹ sì mọ ohun tí wọ́n fi lé e.

Òkúta gidi, ti iléeṣẹ́, díńgí, àti alẹ̀mọ́

Láti ọdún 1970 sókè ni ámẹ́tísìtì tí wọ́n ń ṣe ní iléeṣẹ́ ti kún ọjà. Òrùka 1880 tí òkúta rẹ̀ kò tíì yí padà bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Èyí tí òkúta rẹ̀ ti jábọ́ rí tí wọ́n fi òmíràn sí i kò bọ́. Ẹ wo etí ìgun òkúta náà. Wúrà tó ti jẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún 140 ọdún, tí òkúta orí rẹ̀ sì mú bí abẹ tuntun, ó yẹ kí ẹ béèrè. Òkúta gidi sábà máa ń ní ìlà àwọ̀ tó nípọn níbì kan tó sì fẹ́lẹ́ níbòmíràn bí ẹ bá gbé e sórí bébà funfun. Ti iléeṣẹ́ sábà máa ń mọ́ tónítóní, àwọ̀ rẹ̀ á dọ́gba. Àyẹ̀wò níbi iléeṣẹ́ òkúta nìkan ló lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, owó àyẹ̀wò náà sì lè ju owó òkúta lọ. Odindi sẹ́ẹ̀tì ni mo lè ná an lé, n kò ní ná an lé òrùka kan.

Díńgí rọrùn díẹ̀ láti mọ̀. Ẹ fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́: òkúta máa ń tutù ju díńgí lọ. Ẹ fi awò alágbẹ̀dẹ wo inú rẹ̀: atẹ́gùn inú díńgí máa ń rí bí ihò roboto kéékèèké. Ti pé ó jẹ́ díńgí kò sọ ọ́ di ìjìbìtì o. Charles Horner ti Halifax fi díńgí elésè àlùkò sí orí ọ̀pọ̀ píìnì fìlà fàdákà rẹ̀ tó dà bí òdòdó ẹlẹ́gùn-ún ilẹ̀ Scotland, àwọn èèyàn sì ń wá a títí dòní. Ohun tí kò dára ni kí wọ́n tà á ní orúkọ òkúta.

Alẹ̀mọ́ ni ẹlẹ́tàn jù: pẹlẹbẹ òkúta pupa tí wọ́n ń pè ní gánẹ́ẹ̀tì lókè, díńgí aláwọ̀ nísàlẹ̀, láti bíi 1850 lọ. Ẹ dojú rẹ̀ dé sórí bébà funfun. Bí ẹ bá rí ìlà pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó yí etí rẹ̀ ká, alẹ̀mọ́ ni.

Ibi tí ẹ ti máa rà á

Ọjà Portobello Road ní Sátidé, ti Bermondsey ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Ẹtì, méjèèjì ní London: níbẹ̀ lẹ ti lè fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì nájà. Ní ilé gbàǹjo, iye tí wọ́n pariwo kọ́ ni ẹ máa san. Owó olùrà tí ilé gbàǹjo ń fi kún un lè tó 25% tàbí kó jù bẹ́ẹ̀, owó orí tún wà lórí ìyẹn. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ẹ bá rà á lọ́wọ́ oníṣòwò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin fún yín ní ọjọ́ 14 láti dá a padà. Bó bá jẹ́ ẹnì kan tó kàn ń ta ẹrù ìyá rẹ̀ ni, kò sí irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi í léèrè èwo ni òun.

Nígbà tí ẹ bá gbé e délé, ẹ má fi sójú fèrèsé, torí oòrùn á ṣá àwọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí òrùka náà kò bá gba ìka yín, ẹ sọ fún alágbẹ̀dẹ kó yọ òkúta náà kó tó fi iná sí wúrà. Ooru tó bá pọ̀ lè sọ ámẹ́tísìtì di aláwọ̀ ìyeyè, kò sì ní padà sípò mọ́. Iye tó bá máa gbà fún yíyọ rẹ̀ àti dídá a padà, ẹ ti mọ̀ ọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í nájà òrùka.